Ohun Tí Kò-le-tó-yẹn Kọ Sára Ilẹ̀kùn

Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ gbá mi nídìí.

Gbàà!

Mo gbé àtẹ búrẹ́dì méjì dání, mo fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀kùn ṣí, mo fẹ́ yọ́ jáde sí àgbàlá. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì, irin tó wà lókè ilẹ̀kùn ti fà á padà. Búrẹ́dì mẹ́rìnlélógún fò lọ sókè bí ẹyẹlé.

Èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àbí ẹ kúkú rín in, ìdí mi tó wú ti wálẹ̀ tipẹ́.

Ẹ ti rí irú irin yẹn rí. Ó ní ìgúnpá bí apá èèyàn, òkè ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kàn án mọ́, bẹ́ ẹ bá sì ṣí ilẹ̀kùn tán, òun fúnra rẹ̀ á fà á tì. Wolé-wolé ló ní ká fi sí i, nítorí eṣinṣin. Tẹ́lẹ̀, òkúta la fi ń dá ilẹ̀kùn dúró tá a bá ń kó búrẹ́dì jáde. Wolé-wolé ní òun ò fẹ́ rí òkúta mọ́, ó ní ṣé ilé búrẹ́dì ni àbí ibi ìfọ́kúta. Ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan la sì ní. Iwájú kò ju fèrèsé kékeré kan lọ, ibẹ̀ la ti ń tajà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ni ilé iṣẹ́ náà, ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré. Orí àpò ìyẹ̀fun ló jókòó sí, ó ń wò mí nílẹ̀.

"Ṣé kò fara pa?"

"Ìdí mi ti wú."

"Búrẹ́dì ni mò ń bi ọ́."

Ibẹ̀ ni Kò-le-tó-yẹn ti yọjú lójú fèrèsé.

Káfíńtà ni. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní kó ṣe, á ní, "Kò le tó yẹn." Bó ṣe wí fún mi nìyẹn nígbà tó fẹ́ bá mi tún àga mi ṣe. Àga náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin nígbà tó gbé e lọ.

Ojoojúmọ́ ló ń wá ra búrẹ́dì. Kì í jẹ búrẹ́dì. Olódòdó ló ń bá wá, àbúrò Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó ń fi ṣúgà ṣe òdòdó sórí kéèkì. Ọmọbìnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀. Gbólóhùn méjì lóòjọ́, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀, mo mọ̀, nítorí pé búrẹ́dì tó bá gbóná jù ló máa ń fà fún un.

Ẹ̀gbọ́n ni kò gbà. Ó ní òun ò lè fi àbúrò òun fún ẹni tí ń bu ẹsẹ̀ àga kù.

"Ìyá wa," Kò-le-tó-yẹn wí, "mo lè ṣe irin tó máa tì í nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́, tó sì máa dá a dúró ní ṣíṣí nígbà tọ́wọ́ yín bá kún. Kò le tó yẹn."

Ìyá Oníbúrẹ́dì wò ó láti orí dé àtàrí, nítorí fèrèsé kò jẹ́ kó rí ìyókù.

"Gbọ́ mi dáadáa. Kéèkì ìgbéyàwó alájà márùn-ún ń jáde níbí ní Sátidé. Bí ilẹ̀kùn bá dúró títí kéèkì fi kọjá, kó o kó àwọn ẹbí ẹ wá, ká jókòó sọ ọ̀rọ̀ Olódòdó. Bí kò bá dúró, wá ibòmíì máa ra búrẹ́dì."

Nínú ilé, òdòdó ṣúgà kan fọ́ mọ́ Olódòdó lọ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Kò-le-tó-yẹn fi gbọ́n ọgbọ́n sí i. Ó tú sípíríǹgì kúrò lábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan, ó rọ ìkọ́ fúnra rẹ̀, ó kàn án mọ́ ògiri. Ká sòótọ́, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Tẹ́ ẹ bá ti ilẹ̀kùn náà wọlé títí tó fi dé ara ògiri, ìkọ́ á mú un: káú! Á dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún tì í díẹ̀ sí i, ìkọ́ á jọ̀wọ́ rẹ̀: tẹ́! Á padà sáyè rẹ̀. Kò ní okùn, kò ní bọ́tìnì. Bí ọwọ́ bá kún, ẹ fi ìdí tì í, ó ti parí. Ìdí mi tó ṣì ń ro mí gan-an yọ̀ sí i.

Ibi tó ti bà á jẹ́ ni pé ó kọ̀wé sí i.

Ojú ilẹ̀kùn tó kọ sí àgbàlá ló kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọ̀dà pupa, lẹ́tà gbàgìdì-gbàgìdì. Bí ilẹ̀kùn bá tì, ẹni tó wà níta ló máa rí i. Bó bá ṣí, tó lẹ̀ mọ́ ògiri, àwa tá a wà nínú ilé ló kọjú sí. Ohun tó kọ ò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ.

TÌ Í.

Ní Tọ́sìdeè, a ní ká dán an wò. Kò-le-tó-yẹn dúró nínú ilé pẹ̀lú wa, ó pa ilẹ̀kùn dé. Bàbá Ààrò ń bọ̀ láti àgbàlá, ó ru igi ìdáná. Bàbá Ààrò ló ń bá wa dáná ààrò, òun nìkan ló sì ń yọ búrẹ́dì nínú rẹ̀, ọkọ mi ni. Èmi ni mo fẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó fipá mú mi.

"Bàbá," Kò-le-tó-yẹn ké sí i, "ẹ ka ohun tí mo kọ síbẹ̀."

"Mo ti kà á."

"Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀."

A gbọ́ bí igi ṣe balẹ̀ gbàràgàdà. A gbọ́ bí irin ìdábùú ìta ṣe wọlé: kàkà. A gbọ́ àgádágodo: kọ́.

"Mo ti ṣe é," ọkọ mi wí.

"Kò ṣí, Bàbá."

"Báwo ló ṣe máa ṣí? Mo ti tì í."

"Ẹ ò tì í. Tẹ́ ẹ bá tì í, á ti ṣí."

A gbọ́ bó ṣe fa àgádágodo náà wò.

"Ọmọ yìí, bí mo bá tì í ló máa ṣí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bí mi ò bá tì í ńkọ́?"

"Á wà ní títì."

"Ṣé oorun tó ẹ ṣá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ kàn tún un tì."

"Ẹ̀ẹ̀mejì? Àgádágodo kan ṣoṣo ni mo ní."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo di tábìlì mú, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi sínú ìyẹ̀fun, mi ò sì fi iyọ̀ sí i mọ́ lọ́jọ́ náà.

Àfìgbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ààrò ni ọkọ mi tó mọ̀ pé nǹkan ń jó, ló bá ṣílẹ̀kùn. Ogójì búrẹ́dì ti di èédú. Ìyá Oníbúrẹ́dì mú ọ̀kan dání, ó fi ń tọ́ka sí Kò-le-tó-yẹn.

"Ọkọ̀ tó bá kú sójú ọ̀nà ni wọ́n ń tì síwájú. Nínú ilé búrẹ́dì tèmi, bí wọ́n bá ní kó o ti ilẹ̀kùn, fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ṣó yé ẹ?"

"Ó yé mi, mà."

"Sọ ọ́."

"Tì í, fi kọ́kọ́rọ́ sí i."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló mú un sọ ọ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Nítorí Olódòdó, bí wọ́n bá ní kó fi orin kọ ọ́, á kọ ọ́.

Ó gbìyànjú láti pa ìkọ̀wé náà rẹ́. Kò le tó yẹn, ló wí. Ó fi kẹrosíìnì nù ún, ó fi ọ̀bẹ họ ọ́, ọ̀dà náà kàn ń dán sí i ni. A ní kó fi í sílẹ̀. Gbogbo wa tá a wà nílé ti mọ ohun tó túmọ̀ sí, ta ló tún kù?

Wolé-wolé ló kù.

Sátidé dé. Kéèkì alájà márùn-ún wà lórí tábìlì onítáyà, ó funfun bálau, òdòdó ṣúgà bò ó láti òkè délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Olódòdó fi ṣe é, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé kéèkì ti wà ní àgbàlá. Kò-le-tó-yẹn wọ ṣáàtì funfun, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń gbé níyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn dé ara ògiri.

Káú!

Ó dúró. Kò mira. Kò-le-tó-yẹn wo Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó wo Olódòdó, ó jáde lọ bá awakọ̀ tọ́jú àyè.

Èmi ń ti tábìlì bọ̀ lẹ́yìn, ọkọ mi ń fà á níwájú. Ó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà ni wolé-wolé wọlé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Eṣinṣin kan bá a wọlé.

Ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí gbayawu. Ó wo ìkọ̀wé.

"Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé kẹ́ ẹ tì í," ló wí, "ẹ ò sì tì í?"

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kàn án," Ìyá Oníbúrẹ́dì bẹ̀ ẹ́.

Wolé-wolé kì í gbẹ̀bẹ̀. Ó di etí ilẹ̀kùn mú, ó fà á. Kò wá. Ó fi ìwé sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Kò wá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ògiri, ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ohun tí Kò-le-tó-yẹn bá rọ ní ìkọ́, ìkọ́ ni. Nígbà tó rẹ ọkùnrin náà, ó nu òógùn, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kó lè simi.

Tẹ́!

Mo rò pé èrò Kò-le-tó-yẹn ni pé á rọra padà. Ẹni tó sanra ni sípíríǹgì yẹn ti ń gbé lórí kẹ̀kẹ́ rí, ó sì pẹ́ tó ti ń dì í sínú. Ilẹ̀kùn gbọ́n wolé-wolé dànù, ó fò kọjá mi, ó dé inú ọpọ́n ìyẹ̀fun: fùúù!

Gbàà! Ilẹ̀kùn tì.

Kéèkì dúró ní ìwọ̀n ìka kan sí i. Òdòdó ṣúgà kan ṣoṣo ló já bọ́.

Ọkọ mi di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó fà á. Ọwọ́ ilẹ̀kùn bá a lọ. Ilẹ̀kùn ti wọ inú férémù pinpin, kò sí ibi téèyàn máa gbá mú mọ́, àfi kí ẹnì kan tì í wọlé láti ìta. Wolé-wolé dìde nínú ọpọ́n, ó funfun ju kéèkì lọ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì káwọ́ lérí. "Olódòdó, ṣé ẹni tó ṣe irú ilẹ̀kùn yìí lo máa fẹ́?"

Olódòdó ò tiẹ̀ gbọ́. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ojú ilẹ̀kùn kiri.

"Ó tì," ló wí.

Níta, a gbọ́ gbì! Ìdí ẹnì kan ti balẹ̀.

"Olódòdó," ohùn kan wí, ó tín-ín-rín bí òwú. "Ó tì kẹ̀?"

"Ilẹ̀kùn ni. Ilẹ̀kùn ló tì."

"Èmi ńkọ́?"

"Mo máa fẹ́ ẹ."

Gbólóhùn ọjọ́ mélòó kan ló ná tán lẹ́ẹ̀kan náà yẹn. Omi lé ròrò sójú mi, mi ò ní purọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì pàápàá mí kanlẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Kéèkì ò tíì bàjẹ́. Bó bá ṣí i fún wa báyìí, mo ti gbà. Sọ fún un kó ṣe kíá."

Olódòdó fi ẹnu mọ́ etí ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tì í."

Mo rí ohun tó ń bọ̀. Ọkọ mi náà rí i. A jọ la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ayọ̀ ti ga ju ohùn wa lọ níta.

"Mo ti mọ̀ ọ́n sórí," Kò-le-tó-yẹn wí. "Tì í, fi kọ́kọ́rọ́ sí i."

Kàkà.

Kọ́.

"Mo ti tì í o, olólùfẹ́ mi. Kí ló tún kù?"

Awakọ̀ tẹ fèrè: fáàn. Wolé-wolé wá ìwé rẹ̀ rí, ó gbọn ìyẹ̀fun dànù lára rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn dáadáa. "Eṣinṣin kankan ò lè gba ibí wọlé," ló wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Èyí náà lo ṣì máa fẹ́?"

Olódòdó mú òdòdó ṣúgà tó já bọ́ nílẹ̀, ó fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu. Ó rún un tán. Ó wo ilẹ̀kùn.

"Ó tì."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó bi í pé èwo.