Kan Tó Já Bọ́ Lórí Wáyà

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà? Mo mọ̀ pé ẹ máa ní òwe náà ti wà láti ayébáyé. Ẹ fara balẹ̀. Ìlú Ìdóògùn ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀, nígbà tí wáyà fẹ́ dé ilé Màmá Tíṣà tí kò rọ́nà gbà.

Dúrótolú Olówóòkéré lorúkọ Màmá Tíṣà gan-an. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó ra kọ̀ǹpútà, ó gbé e sórí tábìlì ìjẹun nínú pálọ̀ rẹ̀, ó sì ń bá ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn to ìwé kíkà àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà mú ara rẹ̀ yá gágá. Bí ìwé ṣe máa dé Ìbàdàn ló kù tó ń dà á láàmú. Awakọ̀ ló máa ń fi rán, títí di ọjọ́ tí awakọ̀ kan fi odindi orí kẹta nu gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé bá kọ̀wé sí i pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn á ti máa gba iṣẹ́ báyìí, àti pé bí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá dé kí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ìparí oṣù tó pé, àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì.

Tẹlifóònù wà nílé Màmá Tíṣà lóòótọ́, àmọ́ ó ti gbó. Bó bá so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, á ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fà létí, á sì já. Wọ́n wá sọ fún un pé irú wáyà kan wà tí wọ́n ń pè ní ISDN. Èèyàn á máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì á máa gba orí rẹ̀ kọjá, ọ̀kan ò ní dí èkejì lọ́wọ́. Lẹ́tà mẹ́rin yẹn gùn jù lẹ́nu ará Ìdóògùn, wọ́n bá sọ ọ́ ní wáyà oníbejì. Màmá Tíṣà kọ̀wé béèrè fún un.

Káṣìmáawò ni iléeṣẹ́ tẹlifóònù rán wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò purọ́ rí láyé rẹ̀. Ó wọn ilẹ̀ títí, ó wá ṣàlàyé pé wáyà oníbejì kì í rìn jìnnà. Bó bá gba títì tó yí ìlú po, agbára rẹ̀ á ti tán kó tó dé ilé màmá. Àfi kó gba àárín ọjà, torí ọjà ló wà láàárín ilé màmá àti ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù.

Ẹnu ọ̀nà àwọn oníṣu ló kọ́kọ́ gbà. Ibi tí òpó máa dúró gan-an ni àga Ìyálọ́jà wà. Ìyálọ́jà ò bá a jà. Ó ní kó ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ òun ò ní dìde, òun ò sì ní sún. Káṣìmáawò yí àga náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé òpó rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn alápatà. Àwọn yẹn gbà tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n tiẹ̀ bá a di àkàbà mú. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán, wọ́n ti fi ṣàkì àti ẹsẹ̀ màlúù mẹ́jọ kọ́ sára wáyà náà, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìjọba rántí àwọn. Nígbà tí wọ́n gbé itan màlúù kan kọ́ ọ, wáyà já.

Ó wá rò ó pé kí òun gba abẹ́ ilẹ̀. Ó gbẹ́lẹ̀ láàárín àwọn aláṣọ, ọkọ́ rẹ̀ bá ba páìpù kan tí kò sẹ́ni tó rántí pé ó wà níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ tí ará Ìdóògùn ò rí láti ọdún mẹ́sàn-án bá tú jáde. Gbogbo ọjà gbé korobá dé. Káṣìmáawò ní òun fẹ́ dí ihò náà, wọ́n ní kó fọwọ́ kan án wò. Ṣe ni wọ́n fi bẹ́ǹṣì yí i ká, wọ́n yan ẹni tí á máa ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn, ó ku ọjọ́ méjì. Káṣìmáawò wọlé tọ màmá wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ó ní kó jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun fi tẹlifóònù rẹ̀ pe Ọ̀gá Ọláìítán, olórí àwọn ní Ìbàdàn.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ọ̀nà kankan ò wọ ọjà.”

Tẹlifóònù ogbó yẹn han gooro láàárín ọ̀rọ̀, ó sì gbé “kan” kan mì. Ohun tó dé etí ọ̀gá ni pé, “Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.”

“Òótọ́ lo sọ,” ni ọ̀gá wí. “O ṣeun.” Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Káṣìmáawò sọ fún màmá pé ọ̀gá gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Màmá Tíṣà fún un lómi kó fi fọ ẹsẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ó mú bébà, ó fẹ́ kọ̀wé sí Ìbàdàn pé kí wọ́n wá ẹlòmíì. Ó kọ déètì, ó kọ “Ẹ̀yin ọ̀gá mi,” ọwọ́ rẹ̀ ò lè lọ síwájú mọ́. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tó ń wo àlejò tó fẹ́ máa lọ.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ àjàgbé mẹ́rin ya wọ Ìdóògùn, wọ́n kó òpó gígùn tí ọwọ́ alápatà kankan ò lè tó. Ọ̀gá ti pàṣẹ pé nígbà tí ọ̀nà tó wọ ọjà kì í ṣe ọ̀kan, kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn iléèwé wọ ọjà, ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan gba etí odò, ọ̀kan gba ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ. Kí aago mọ́kànlá tó lù, wáyà ti ń gba ojú fèrèsé pálọ̀ wọlé, òmíràn ń gba ti yàrá, ẹ̀kẹta ń gba ihò èéfín ilé ìdáná. Ẹni tó fa ẹ̀kẹrin wá kan ilẹ̀kùn, ó kí màmá, ó ní àwọn ti gbé wáyà rẹ̀ dé. Màmá ní kó wá jókòó ti àwọn yòókù.

Wọ́n dán wọn wò. Ti pálọ̀ ò dún. Ti yàrá ń fọhùn, kò gbé íńtánẹ́ẹ̀tì. Ti ẹnu ọ̀nà ò tiẹ̀ mọ ohun tó wá ṣe. Ti ilé ìdáná ló jí. Wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ, Màmá Tíṣà jókòó sórí àpótí, ó ń fi ìwé ránṣẹ́ ní orí kọ̀ọ̀kan, ó sì fi tẹlifóònù há èjìká.

“Màmá, orí kẹta ti wọlé,” ni ará ilé ìtẹ̀wé ń wí láti Ìbàdàn.

“Ṣé ó pé?”

“Ó pé, mà. Ọ̀sán ò tíì pọ́n.”

Màmá ní kó má tíì gbé e sílẹ̀, kó ṣáà máa sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ gbọ́ bí kò ṣe já.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Ọláìítán fúnra rẹ̀ wá kí wọn. Màmá gúnyán fún òun àti Káṣìmáawò. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ọ̀gá ní gbogbo ẹni tí òun ń rán níṣẹ́ ò mọ̀ ju kí wọ́n wá sọ pé kò ṣeé ṣe lọ. Káṣìmáawò nìkan ló rán òun létí pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ìdí sì nìyí tí òun fi fẹ́ sọ ọ́ di olórí gbogbo àwọn tó ń fa wáyà.

Káṣìmáawò tí kò purọ́ rí bá la ẹnu. “Ọ̀gá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe…”

Màmá Tíṣà bu ẹran ńlá kan sí i lọ́bẹ̀. “Jẹun, Káṣìmáawò,” ó ní. “Wáyà nìkan ló ń ṣe méjì pọ̀.”

Ọkùnrin náà jẹun, ó sì di olórí. Ọ̀gá gbé ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri, ó ń sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́, ó ń sọ ọ́ fún àna, títí àwọn àgbà fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òwe náà ti wà kí wáyà tó dáyé, ẹ ní kó lọ ka iye wáyà tó wọ ilé Màmá Tíṣà, kó tó wá bá yín jiyàn lórí ọ̀nà kan ò wọ ọjà.