Àgbá Omi Ọlọ́fintúyì

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí ohun tó fà á tí àwọn àgbà Òkè-Ẹ̀rín fi máa ń wí pé, "Ẹni tí àgbá omi rẹ̀ bá ju ilé rẹ̀ lọ, ìta ni yóò ti wẹ̀"? Àwọn kan á sọ fún yín pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á. Irọ́ ni. Ẹni tó fa òwe náà ṣì wà láyé. Ó ń jẹ, ó ń mu, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á létí òun. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbí.

Ọlọ́fintúyì lorúkọ rẹ̀. Awakọ̀ katakata ni lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó la ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òkè wa. Nígbà tí iṣẹ́ parí tí àwọn òyìnbó ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ta ọ̀kan fún un nínú àwọn ilé orí táyà tí wọ́n ń gbé. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀ rí, ẹ fojú inú wò ó: ilé tóóró kan báyìí, funfun, ó ní fèrèsé, ó ní ibùsùn, ó ní ààrò, ó sì ní balùwẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá sanra gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́. Táyà ló wà lábẹ́ rẹ̀, kí ọkọ̀ lè máa fà á kiri. Ilé-Ẹlẹ́sẹ̀-Rọ́bà ni àwọn ará ìlú sọ ọ́. Ó ti dàgbà gan-an. Mo rò pé àwọn tó ṣe é lókè òkun pàápàá ti gbàgbé pé àwọn ṣe é. Ṣùgbọ́n lójú Ọlọ́fintúyì, kò sí ààfin tó tó o. Ó ń fọ táyà rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, àtìgbà tó sì ti fẹ̀yìn tì, inú rẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Morádéyọ̀, ń gbé.

Ìyá Morádéyọ̀ kò bèèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ayé. Òkun ló fẹ́ rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣèlérí pé òun á mú un lọ sí Àgbádárìgì. Lọ́dún kan, ọ̀nà kò dára. Lọ́dún mìíràn, ọkọ̀ kò dára. Nígbà tó yá, ọ̀nà dára, ọkọ̀ dára, baba náà sì ti fẹ̀yìn tì, ni kò bá rí àwáwí mọ́. Wọ́n fi ìrìn àjò sí ìgbà ọyẹ́.

Ọyẹ́ dé tán ni híítà kú. Híítà yìí ni ẹ̀rọ kékeré tó ń mú omi gbóná fún wọn. Inú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀ ló wà. Ó dípẹtà, ó jò, ó tú èéfín díẹ̀, ó sì dákẹ́.

"Bàbá Morádéyọ̀," ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ mọ̀ pé orúnkún mi yìí kò gba omi tútù. Bí kò bá sí omi gbígbóná, mi ò lọ síbì kankan. Ẹ ra èyí tó bá ti tẹ́lẹ̀ mu, kí á máa lọ."

Ó mú okùn, ó fi yí híítà tó kú náà ká, ó gé e níbi tó pàdé, ó sì fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Bó ṣe sanra tó nìyí. Kó má jù báyìí lọ o."

Ọlọ́fintúyì ki okùn bọ àpò. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló lọ sí Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, òwe wa ì bá má wáyé. Ṣùgbọ́n Tísà Adégòróyè, aládùúgbò rẹ̀, ní òun á bá a lọ, kí wọ́n má baà rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Tísà fún yín. Híítà tuntun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ìlú sinmi. Bí ẹ bá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Tísà," á ní, "Omi gbígbóná ni mo fi wẹ̀." Bí ẹ bá kí i kú ọ̀fọ̀, á dúpẹ́, á sì ní kí ẹ wá wo bí omi ṣe ń rú èéfín.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wọ̀ ní Àkúrẹ́ ń jẹ́ Pópóọlá. Ahọ́n rẹ̀ dùn ju oyin lọ.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin bàbá wa. Irú híítà wo lẹ fẹ́?"

Ọwọ́ Ọlọ́fintúyì lọ sínú àpò, ó kan okùn. Ni Tísà bá wúkọ́.

"Kékeré ni o," Tísà wí. "Ilé rẹ̀ kì í ṣe... ẹ ṣáà mọ irú ilé yẹn." Ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀rín yẹn! Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ọwọ́ Ọlọ́fintúyì jáde nínú àpò lófìfo.

"Ta ló bá yín sọ pé kékeré?"

"Ilé yín tóbi ni, bàbá?" Pópóọlá bèèrè.

Díákónì ni Ọlọ́fintúyì, kò fẹ́ purọ́. Ó ro ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. "Ilé mi," ó wí, "ti dé Kánò rí."

Pópóọlá wò ó. "Òkìkí rẹ̀, àbí?"

"Òun gan-an."

Ọlọ́jà tó bá gbọ́n kì í da ọ̀rọ̀ rú mọ́ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lójú. Pópóọlá gbé híítà kékeré kan kalẹ̀, èyí tó ń lo gáàsì, tó bá ihò inú Ilé-Ẹlẹ́sẹ̀-Rọ́bà mu rẹ́gí bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Ọlọ́fintúyì ní ti ọmọdé nìyẹn. Pópóọlá fi èyí tó tóbi díẹ̀ hàn án.

"Irú tèmi nìyí!" Tísà pariwo.

Àbùṣe bùṣe. Híítà náà kò tún ṣeé rà mọ́.

"Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?" Ọlọ́fintúyì nàka sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Àgbá ńlá kan tó ń mú omi gbóná ló dúró síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Òtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e wá, òtẹ́ẹ̀lì náà kò sì kúrò ní ìpìlẹ̀ títí olówó rẹ̀ fi sá lọ. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé adìyẹ Pópóọlá ń yé sábẹ́ rẹ̀. Pópóọlá lé adìyẹ dànù, ó fi ọwọ́ aṣọ nu eruku, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá, mi ò kì í fi èyí han gbogbo èèyàn."

Bí wọ́n ṣe gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n á fi dè é, Ọlọ́fintúyì rántí okùn tó wà lápò rẹ̀. Ó fà á yọ, ó gbìyànjú. Okùn náà kò dé ìdajì ikùn àgbá.

Ìyá Morádéyọ̀ ń ṣa ìrẹsì nígbà tí ọkọ̀ dé. Ó rí ohun gígùn tí wọ́n fi tapólì bò, ó dìde, ó ká ọwọ́ lérí.

"Bàbá Morádéyọ̀, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Híítà ni."

"Híítà? Ibo ló máa wà?"

"Inú ilé."

"Àwa ńkọ́?"

Ọlọ́fintúyì ti ń ká tapólì kúrò.

Àgbá kò gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tú ilẹ̀kùn, kò gbà. Ọlọ́fintúyì mú ayùn, ó gé ara ilé tó ti ń fọ̀ bí ọmọ jòjòló, ó ń gé e, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní eruku ni. Àgbá wọlé. Ṣùgbọ́n ibùsùn wà níbẹ̀, ni wọ́n bá gbé ibùsùn síta. Ààrò náà ń dí i lọ́wọ́, wọ́n gbé e síta. Nígbà tó tún kù díẹ̀, wọ́n wó balùwẹ̀.

"Ẹ ti wó balùwẹ̀," ìyàwó rẹ̀ wí. "Kí ni a wá fẹ́ fi híítà ṣe?"

"Ìwọ obìnrin yìí, o kò ní sùúrù."

Ó fa rọ́bà omi láti ara àgbá gba ojú fèrèsé, ó ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ níta, ó sì ta tapólì yí i ká ṣe balùwẹ̀. Ó ní atẹ́gùn dára fún ara. Ìyá Morádéyọ̀ ká ẹní rẹ̀, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ọlọ́fintúyì nìkan ló sùn mọ́bẹ̀, ó dì mọ́ àgbá bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, àgbá náà sì tutù bí òkúta odò.

Ọjọ́ tó fẹ́ dán an wò, ó pe Tísà àti àwọn àgbà àdúgbò kí wọ́n wá jẹ́rìí. Àwọn ọ̀dọ́ pọn omi títí kànga fi ń fi erùpẹ̀ dáhùn. Bó ṣe tan iná sí i, gbogbo gílóòbù àdúgbò di pupa bí ojú ọ̀mùtí, ẹ̀rọ ìlọta sì dákẹ́ tòun ti àgbàdo lẹ́nu. Wọ́n dúró títí oòrùn fi dé àtàrí. Nígbà tí omi gbóná tán, Ọlọ́fintúyì yọ wáyà, ó bọ́ sẹ́yìn tapólì, ó fi ọṣẹ pa ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ṣí ẹ̀rọ. Omi gbígbóná tú yàà!

"Tísà!" ó kígbe. "Ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn omi? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni tiyín ṣe ń dún?"

Ojú òkè ni Ilé-Ẹlẹ́sẹ̀-Rọ́bà wà, òkúta méjì ni wọ́n sì fi ti táyà rẹ̀. Apá òkúta yẹn ká ilé lásán, kò ká àgbá. Ilé náà ké kíì, ó rọra yí, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Rọ́bà tẹ̀lé e. Tapólì lọ́ mọ́ rọ́bà, òun náà tẹ̀lé e. Ọlọ́fintúyì, tí ọṣẹ ti dí lójú, di rọ́bà mú gírígírí.

"Ta ló ń fa rọ́bà mi? Tísà, ìlara yín ti pọ̀ jù!"

Ni ó bá ń sáré tẹ̀lé e, nítorí ó rò pé olè ni. Wọ́n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ akọrin obìnrin tó ń kọ́ orin sì gbàgbé ẹsẹ kẹta. Wọ́n kọjá níwájú ilé ìwé. Ilé-Ẹlẹ́sẹ̀-Rọ́bà ya wọ ojúde ààfin, ó fi imú gbá ògiri, ó sì jókòó sórí ìdí bí ajá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ já. Àgbá bọ́ sílẹ̀ gbì, ó dúró ṣánṣán, kò ní ẹyọ ìfarapa kan. Ó ṣì ń rú èéfín.

Ìgbìmọ̀ ọba ń ṣèpàdé lọ́wọ́. Ọba Olókè àti àwọn ìjòyè jáde, wọ́n bá díákónì nínú ìfóófó ọṣẹ, ó fi ìdajì tapólì bo ohun tó ṣeé bò.

"Ọlọ́fintúyì," ọba wí, "kí ni o ń wẹ̀ ṣe ní ojúde mi?"

Ó tún tapólì fà mọ́ra. Ìyàwó rẹ̀ ló já dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ má bínú. Ẹni tí àgbá omi rẹ̀ bá ju ilé rẹ̀ lọ, ìta ni yóò ti wẹ̀."

Ìjòyè tó dàgbà jù rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òwe náà ti dé ìsàlẹ̀ òkè. Tísà ló gbé e débẹ̀.

Ìyá Morádéyọ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Àgbádárìgì. Ó rí òkun. Ó wọ inú rẹ̀ dé orúnkún, omi náà tutù nini, orúnkún rẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan. Nígbà tó padà dé, ọkọ rẹ̀ bi í bí ibẹ̀ ṣe rí.

"Omi náà pọ̀," ó wí. "Mo ṣáà rí i pé ìta ni Ọlọ́run gbé e sí."

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń ra ohun tó ju agbára ilé rẹ̀ lọ nítorí ẹ̀rín aládùúgbò, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bá a wá ọṣẹ àti kànrìnkàn, nítorí àwọn àgbà Òkè-Ẹ̀rín kò purọ́: ẹni tí àgbá omi rẹ̀ bá ju ilé rẹ̀ lọ, ìta ni yóò ti wẹ̀.