Mounirou Gbé Ọnà Ìgbàlódé Dé Bantè

Ká ní ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́lé ni, ilé Mounirou ì bá ti ga ju òkè Savalou lọ. Àmọ́ yàrá kan àti ṣọ́ọ̀bù onípáànù ló ní ní Bantè, níbi tó ti ń kun pátákó fún àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn aránṣọ. Iṣẹ́ náà sì ń bọ́ ọ, ká má parọ́ mọ́ ọn.

Lọ́dún 1994 ló lọ sí Cotonou. Ọjọ́ mọ́kànlá péré! Ó bá àwọn ayàwòrán kan pàdé níbẹ̀ tí wọ́n ń fi irin àlòkù àti àkísà dárà. Ìgbà tó padà dé, fìlà òyìnbó pẹlẹbẹ ti wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì kù lẹ́nu rẹ̀: avant-garde.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ganiath ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Àwa tá a ti ṣíwájú ni. Ẹ̀yin tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Cotonou ni Mounirou wò kó tó kun pátákó Yessoufou onígbàjámọ̀. Yessoufou ní kó ya orí mẹ́ta tí wọ́n gẹ̀ dáadáa fún òun. Igun mẹ́ta aláwọ̀ búlúù ló gbé fún un.

"Mounirou, orí dà?"

"Orí wà nínú èrò rẹ."

"Etí ńkọ́?"

"Etí kẹ̀! Ẹ ò lajú rárá ní Bantè yìí."

Yessoufou gbé pátákó náà lọ sílé, ó fi dé àmù omi. Láti ọjọ́ náà, kò sí oníbàárà kan tó tún yà sọ́dọ̀ Mounirou mọ́.

Kò tiẹ̀ dùn ún, torí ìròyìn kan ti dé: madame òyìnbó kan ń ti Djougou bọ̀, yóò gba Bantè kọjá lọ sí Savalou lọ́jọ́bọ̀, ó ń wá oníṣẹ́ ọnà kan tí òun yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ pàtẹ ní Paris. Ẹnì kan péré! Hàáà! Mounirou ti ń kí gbogbo ìlú pé ó dàbọ̀. Ó dágbére fáwọn àna rẹ̀ ní Bobè. Ó yá ẹ̀wù òtútù lọ́wọ́ olùkọ́ Eusèbe, ó ń wọ̀ ọ́ kiri nínú ooru oṣù Màrsì, òógùn ń dà lára rẹ̀ yàà. Bí kò bá wá lọ mọ́, ojú wo ni yóò fi wo ará ìlú? Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò bọ́ ẹ̀wù náà.

Lọ́jọ́rú, ó ta okùn síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó so àjákù bàtà mọ́ ọn, ó so ìkarahun ìgbín, ó so ṣúkù àgbàdo, àṣánkù ìgbálẹ̀ àti àkísà pupa.

Ganiath figbe ta. "Bàbá Imane, ààlè nìyẹn! Ohun tí wọ́n ń so mọ́ oko kí olè má bàa dé bẹ̀ lẹ so síwájú ṣọ́ọ̀bù yín!"

"Ẹnsitalasíọ̀n là ń pe irú ọnà yìí ní Cotonou, aláìmọ̀kan!"

"Ẹ máa pè é bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Èmi ò ní gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí èpè inú rẹ̀ má bàa jà mí."

Kó tó dọ̀sán, àdúgbò ti dá páropáro. Salimatou alákàrà gbé agbada rẹ̀, ó di apá kejì ìlú. Àwọn onízémijàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ń yà bàrá gba inú pápá. Ìyá Ganiath gbé iṣu wá láti Bobè, ó fẹ́ fi kí ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ń lọ Paris pé ó dàbọ̀; ó rí okùn náà lókèèrè, ó ní "Láìláhà illallọ́ọ̀!", ó sì yí padà tòun tiṣu.

"Ẹ̀rù ọnà ló ń bà wọ́n," Mounirou wí. Ebi sì ń pa á.

Ọjọ́bọ̀ pé, mọ́tò madame yọ. Mounirou na ọwọ́ méjèèjì. Vivien tó ń wakọ̀, ọmọ Savalou, rí àkísà pupa náà, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ààlè lóko, ìyẹn ò burú. Ààlè láàárín ìlú? Ọ̀rọ̀ ńlá ń bẹ níbẹ̀! Ó tẹ mọ́tò náà, ó kọjá fìrì, gbogbo eruku sì wọ Mounirou lẹ́nu.

Wọ́n ní àgbà kì í sáré lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ti Mounirou, Paris ló ń lé. Ó sáré tòun tẹ̀wù òtútù, ó ń pariwo "Madame! Avant-garde!", títí tó fi bá mọ́tò náà níbi tó dúró sí lẹ́yìn ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kajú Ìyá Falilatou, tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Madame ti bọ́ sílẹ̀, omi ń lé ròrò lójú rẹ̀. Ààlè tí Ìyá Falilatou so mọ́ igi kajú rẹ̀ ló ń wò: àjákù bàtà, ìkarahun, ìgbálẹ̀, àkísà tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà. Ó ní ohun tóun ti ń wá láti Djougou rèé, ìyẹn lòun máa gbé lọ Paris. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àṣé òyìnbó náà mọ̀!

Ọkàn Mounirou rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò rẹ̀. Bóyá bí madame bá rí i pé òun gbọ́ Faransé, á mú òun náà mọ́ ọn. Ó ti Vivien sẹ́yìn. "Èmi ni mo máa ṣe ògbufọ̀!"

"Bi í pé ta ló ní lọ́kàn nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí," madame wí.

Mounirou túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Falilatou wò ó látòkè délẹ̀.

"Ṣé òun ló ń bi mí, àbí ìwọ?"

"Òun ni, Ìyá."

"Tóò. Sọ fún un pé ìwọ ni. Ìwọ Mounirou, tó o ń fi kùtùkùtù wá ká kajú mi látìgbà tí wọn ò ti gbéṣẹ́ fún ẹ mọ́. Ṣé o rò pé ojú mi ti fọ́ ni?"

Mounirou yíjú sí madame. "Ó ní... gbogbo ọmọ aráyé lòun ní lọ́kàn."

Vivien bú sẹ́rìn-ín, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún madame ní Faransé tó já gaara. Madame ò bínú rárá. Ó pàtẹ́wọ́! Ó ní kí Mounirou dúró síbi ààlè náà, ó sì ya fọ́tò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé Mounirou ò dé Paris. Ó dé bẹ̀. Ara ògiri ni wọ́n kọ́ fọ́tò rẹ̀ sí, nínú gbọ̀ngàn ńlá. Nígbà tí madame fi ìwé ìpàtẹ náà ránṣẹ́ sí Bantè, olùkọ́ Eusèbe ló ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò náà fún gbogbo ìlú: "Iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Falilatou, pẹ̀lú olè rẹ̀."