Tíṣà Béjidé Bọ́ Àmì Ohùn Sílẹ̀

"Ẹ ti jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọlé padà."

Ohun tí fóònù sọ fún Tíṣà Béjidé nìyẹn, nílé rẹ̀ ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, lórí àga tó ti jókòó sí láti aago mẹ́jọ àárọ̀.

"Ta ló jáde?" ni Tíṣà bi fóònù.

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà kò sí níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wà ní títì. Wúrà, ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, náà jẹ́rìí sí i pé ọkọ òun kò jáde, àfi ìgbà kan ṣoṣo tó lọ tọ̀.

Ẹ̀rín ń pa mí o! Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Ọdún márùndínlógójì ni Tíṣà Béjidé fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá nílé ìwé girama. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n báírò pupa rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá fi káàdì ìgbéyàwó pè é, yóò máàkì í, yóò sì dá a padà fún yín. Ìwé ìsìnkú ẹnìkan wà tó fún ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Títí di òní, àwọn ọmọ olóòkú kì í kí i.

Ọmọ Ọ̀tan-Ilé ni. Ẹgbẹ́ Ajíṣafẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú náà tó ń gbé Òṣogbo, kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé sílé. Wọ́n gbé òkúta mábù fún ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ òkúta ní Alékúwodò kó bá wọn gbẹ́ orúkọ sí i, kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri iwájú. Nígbà tó gbẹ́ ẹ tán, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí ìkànnì ẹgbẹ́, wọ́n ní ẹni tó bá ní kọ́mẹ́ǹtì kó kọ ọ́ kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù. Bí méjìlá bá ti lù, ọ̀rọ̀ tán, mọ́tò tó máa gbé òkúta lọ sílé á gbéra.

Tíṣà wo fọ́tò náà. Ohun tó wà lára òkúta ni GBONGAN AGBA.

Kò sí àmì lókè. Kò sí àmì nísàlẹ̀.

Ó dùn ún dé egungun. Àgbà ni wọ́n ń wí ni, àbí agbá, èyí tí wọ́n ń rọ epo pupa sí? Ṣé inú agbá ni àwọn àgbà Ọ̀tan-Ilé yóò ti máa ṣèpàdé? Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ti kọ kọ́mẹ́ǹtì ṣáájú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ọ̀kan kọ ọ́ pé iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀kan ní òun ló yẹ kí wọ́n fi ṣe alága. Ọ̀kan ń wá ẹni tó máa ra adìẹ àgbébọ̀. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù kọ "Àmín", bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbàdúrà.

Ni Tíṣà bá jókòó ti fóònù. Kí ó tó rí àmì kan fi sórí lẹ́tà, á tẹ lẹ́tà náà mọ́lẹ̀, á dúró kí àwọn àmì yọ, á wá gbé awò sójú láti ṣa èyí tó tọ́. Láti ìwáṣẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó kọ ìfáàrà, ó kọ oríṣi ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi àpẹẹrẹ mọ́kànlá tì í. Nígbà tí aago mọ́kànlá fi lù, kò tíì dé ọ̀dọ̀ òkúta. Wúrà ní kó gé e kúrú, Tíṣà ní a kì í gé òtítọ́ kúrú. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, ó fi àmì ìdánudúró sí i, ó mí kanlẹ̀, ó tẹ "Ẹ fi ránṣẹ́".

Fìrì! Ojú fóònù funfun báláú.

"Ẹ ti jáde."

Ìkànnì ti retí Tíṣà títí, ó rò pé bàbá ti sùn, ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

Wúrà wò ó, ó ní pásíwọ́ọ̀dù ni wọ́n ń béèrè. Tíṣà tẹ̀ ẹ́, ó rọra ń fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: akọ́mọlédè.

"Ọ̀rọ̀ yín kò tọ̀nà."

Ọdún márùndínlógójì ni ọkùnrin yìí fi ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ọ̀rọ̀ wọn kò tọ̀nà. Ó tún un tẹ̀. Fóònù tún sọ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní òdo ni òun fún fóònù.

Ó pe Tiwalolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn, tó bá a forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì náà.

"Dádì, mi ò fi àmì sí i nígbà yẹn o," ni Tiwalolúwa wí. "Akomolede lásán ni mo kọ."

"Lásán báwo?"

"Láìlámì, Dádì."

Tíṣà gé fóònù. Ó sọ fún Wúrà pé ó sàn kí gbogbo Ọ̀tan-Ilé ṣèpàdé nínú agbá ju kí òun fi ọwọ́ ara òun kọ akọ́mọlédè ní ìhòòhò. Wúrà wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

"Bàbá Tiwa, ta ló máa rí i?" ni Wúrà wí. "Tẹ́ ẹ bá ti ń tẹ̀ ẹ́, kóró dúdú-dúdú ló ń dà."

Tíṣà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fa kọ́tìnì. Ó ní kí Wúrà kọjú sí ògiri. Ẹni tó fẹ́ bọ́ ṣòkòtò kì í ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Ó wá tẹ̀ ẹ́ láìlámì.

Ó wọlé!

Kọ́mẹ́ǹtì mẹ́tàdínlógún wà níbẹ̀ gbáko, títí kan ti aládìẹ. Ti Tíṣà kò sí. Nínú iṣẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, lẹ́tà kan kò ṣẹ́ kù. Àánú rẹ̀ ṣe Wúrà, kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́jú méjì ló kù. Bí Tíṣà bá ní òun ń wá àmì, méjìlá á lù mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí òkúta ṣáà dúró ní Alékúwodò títí wọn yóò fi tún un ṣe, ohun tó ń fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó sì ti bọ́ra lẹ́ẹ̀kan, ìtìjú wo ló tún kù? Ó fi ìka méjì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, wàràwàrà:

"E ma gbe okuta naa lo si gbongan."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó lọ. Aago lù.

Lójú ẹsẹ̀ ni Olúmúyìwá, akọ̀wé ẹgbẹ́, fèsì pé àwọn ti gbọ́, bí Tíṣà ṣe wí gẹ́lẹ́ làwọn máa ṣe é. Èèyàn mẹ́rin tún kọ "Àmín". Inú Tíṣà dùn. Ó sọ fún Wúrà pé òun ti gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sín, ó jẹ ẹ̀wà, ó sùn lọ fọnfọn.

Aago mẹ́ta ààbọ̀, fóònù dún. Sàláúdéènì ni, dírẹ́bà tó gbé òkúta.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀sán o. Akọ̀wé ló fún mi ní nọ́ńbà yín. Alihamudulilahi, a ti dé."

"Ẹ dé ibo?" Tíṣà ti dìde dúró. "Ṣebí mo kọ ọ́ pé kí wọ́n má gbé e lọ sí gbọ̀ngàn."

"Ohun tí wọ́n kà fún mi náà nìyẹn, Bàbá. Wọ́n ní ẹ ní ká máa gbé e lọ sí Gbọ̀ngán. Mo ti wà nílùú Gbọ̀ngán báyìí, lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu, àwọn àgbà ibí ti kà á, wọ́n ní orúkọ àwọn náà ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì."