Kànìnkànìn Láògún àti Ẹ̀yìn Alága

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tí a ní kó kinni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́? Ẹ sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rù ló bí ọ̀rọ̀ yìí.

Láògún ló ń tọ́jú ọ̀bọ ní ọgbà ẹranko kan. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, Alága, ní àtọ̀gbẹ. Àwọn tó ń wá wòran ni wọ́n fi búrẹ́dì àti mínírà kó àìsàn bá a. Láràárọ̀ ni Dókítà Olúfúnmbi gbọ́dọ̀ gún un lábẹ́rẹ́, kó lè wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Alága ti gbọ́n. Bó bá ti rí aṣọ funfun dókítà báyìí, òkè àjà ló ń sá gùn. Láògún nìkan ló ń gbà láyè, torí òun ló ń fi kànìnkànìn kìn ín lẹ́yìn, tí Alága á dijú bí ọmọ tó ń mu ọmú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Alága ń mu omi bí ẹni máa mu odò gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Bàbá, bí mi ò bá rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí, mi ò lè mọ ìwọ̀n oògùn tí mo máa fún un," ni dókítà wí. "Ó lè kú o. Ẹ fi abẹ́rẹ́ yìí pamọ́ sínú kànìnkànìn yín."

"Dókítà, ṣé ẹ ti rí eyín rẹ̀ rí?"

"Mo ti rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ̀yin wọlé."

Ẹ̀rù eyín ń ba Láògún, ikú Alága sì tún ń bà á lẹ́rù jù ú lọ. Ó wọ inú àhámọ́ Alága, dókítà sì ti ilẹ̀kùn. Alága kọ ẹ̀yìn sí i, ó dijú. Láògún ń kìn, ó ń gbàdúrà. Ó kìn ín dé etí, lójijì ó gún un níbẹ̀! Ó fi bébà pélébé gba ẹ̀jẹ̀ náà, ó nà án sí dókítà láàárín irin àhámọ́ náà, dókítà sì sáré lọ wò ó. Kò rántí ṣí ilẹ̀kùn.

Alága yíjú padà. Ó gba kànìnkànìn lọ́wọ́ Láògún, tòun ti abẹ́rẹ́. Ó di èjìká rẹ̀ mú, ó yí ojú Láògún sí ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kìn ín lẹ́yìn.

"Yéè! Alága, mo bẹ̀ ọ́!"

Bó bá sá, eyín ni. Bó bá dúró, abẹ́rẹ́ ni. Díẹ̀ ló kù kó tọ̀ sára.

Dókítà padà dé. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́! Mo ti mọ oògùn tó máa lò. Kò ní kú mọ́."

"Èmi ńkọ́? Dókítà, ẹni tí a ní kó kinni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́!"

Dókítà wo etí Alága, ó tún wo ẹ̀yìn Láògún. "Bàbá, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló yẹ kó pa òwe yẹn gan-an?"

Torí pé ọ̀bọ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe ní Láògún ló pa òwe náà. Lójú tèmi, Alága ló lòwe: ẹni tí a ní kó kinni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.