Fọ́ọ̀mù Títí Tí Mo Fi Nu Búrọ́ọ̀ṣì

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi títí wọn yóò fi bu yẹ̀pẹ̀ bò mí. Olè kò jà mí lọ́jọ́ náà, mọ́tò kò sì gbá mi. Ìwé díẹ̀ tí mo kà ló kó bá mi, àti ẹnu tí mo fi ń fọ́nnu.

Ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà, Okokomaiko sì ni à ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kíkọ nǹkan sára pátákó àti ara mọ́tò, lábẹ́ àtíbàbà kan ní Ìyànà Ìbà. Mo ka ìwé Mọ́dáànù ọdún mẹ́ta lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láyé àtijọ́, mo yege, mo gbàwé ẹ̀rí, ó parí. Ìyẹn ti tó láti sọ mí di ọ̀mọ̀wé ilé tí a ń gbé. Lẹ́tà tó bá ti abúlé dé, èmi ni mò ń kà á fún wọn. Ìyàwó mi kò mọ̀wé. Bàbá Rìsí náà kò mọ̀wé, awakọ̀ ará Ìsẹ́yìn tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Rìsí ọmọ rẹ̀ àti Títí, àkọ́bí mi, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ tuntun dé, tí gbogbo ẹnu ń pe mẹ́fà, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin, ta ni wọn ì bá tún bi? Ṣebí èmi ni ilé ìwé àwọn ọmọ wa gbéṣẹ́ fún pé kí n kọ orúkọ kíláàsì sára ilẹ̀kùn, láti JSS 1 dé SSS 3. Mo mú ẹfun, mo fa ìlà sára ògiri. Mo ní jẹ́lé-ó-sinmi wà fún ọmọ tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sinmi. Ọdún mẹ́fà ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Mọ́dáànù tiwa náà ni wọ́n yí lórúkọ padà. Ọmọ tó bá yege ti parí ìwé.

“Mẹ́ta kejì wá ńkọ́?” ni Bàbá Rìsí bi mí.

“Àwọn olódo tó bá fìdí rẹmi ló máa tún un kà,” ni mo dá a lóhùn wàrà. “Mẹ́rin tó kẹ́yìn, ti yunifásítì, ti ọmọ olówó nìyẹn.”

N kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o, mo kàn rò ó ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ìyàwó mi tilẹ̀ gbé omi tútù wá.

Títí ṣe ìdánwò JSS 3. Nígbà tó yá, ó mú fọ́ọ̀mù kan wá bá mi níbi iṣẹ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sáìn ín. Ti SSS 1 ni. Wọ́n ní Fúráìdè ni kí n dá a padà.”

Orí mi gbóná. “SSS! O feèlì, àbí?”

“Mi ò feèlì o, Bàbá. Àwọn tó páàsì ni wọ́n...”

“Pa ẹnu ẹ dé! Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Èmi tí mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn?”

Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọmọ náà pé ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn. Ó fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ lórí àpótí, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, n kò rí àkísà tí mo lè fi nu búrọ́ọ̀ṣì mi, mo bá fa fọ́ọ̀mù náà, mo fi nù ún, mo sì kì í bọ àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Ọ̀dà búlúù ni mò ń lò.

Ìyá rẹ̀ ní, “Bàbá Títí, ẹ ò kúkú dé ilé ìwé lọ bèèrè?” Mo ní kí n lọ bèèrè kí wọ́n lè dójú tì mí? Mo fa Títí lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Ajangbadi pé kó lọ kọ́ṣẹ́. Mo tún gba Bàbá Rìsí nímọ̀ràn pé kó má tẹ̀ka sórí fọ́ọ̀mù Rìsí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an, ó sì yọ́ gba ilé ìwé lọ bèèrè láìsọ fún mi.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n wọlé, mo rí Rìsí nínú síkẹ́ẹ̀tì tuntun ti àwọn ọmọ SSS. Mo bá bàbá rẹ̀ kẹ́dùn. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ á tún un kà, á yé e.”

Ó wò mí títí. “Ẹ pẹ̀lẹ́ ti kí ni? Ọmọ mi ti wọ sínió! Àwọn tíṣà ń bèèrè Títí. Wọ́n ní òun ló ṣe fọ́ọ̀sì, ipò kìíní, nínú ìdánwò.”

N kò mọ bí mo ṣe dé ilé ìwé. Ariwo ni mo gbé wọ ọ́fíìsì ọ̀gá wọn, ìyá kan tí kì í gbóhùn sókè. Ó kàn mú mi jáde, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn kan.

“Bàbá, ta ló kọ èyí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ẹ sì kọ ọ́ láìbèèrè ohun tó jẹ́? Mẹ́ta ti júnió, mẹ́ta ti sínió, ibẹ̀ lọmọ ti ń lọ sí yunifásítì. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ dà?”

Òógùn bò mí. Mo fa àkísà inú àpò mi yọ kí n fi nujú, àṣé fọ́ọ̀mù náà ni! Ọ̀dà ti gan mọ́ ọn lára. Ọ̀gá fi ìka méjì gbá a mú, ó ka orúkọ Títí lábẹ́ ọ̀dà búlúù. Àwọn ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Rìsí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó doríkodò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n àyè ti kún. Wọ́n ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Mo bá Títí ní Ajangbadi, ó ń tú okùn lára aṣọ ògbólógbòó. Mo ní mo ti ṣàṣìṣe. Ó ní, “Mo mọ̀, Bàbá.” Kò sunkún, kò sì gbójú sókè. Ó dùn mí dọ́kàn. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Abèèrè kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Bàbá Rìsí tí kò mọ A yàtọ̀ sí B bèèrè, ọmọ rẹ̀ fi ọdún kan ṣáájú ọmọ mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ kọ pátákó fún ènìyàn, mo máa ń bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ títí á fi sú wọn.

Nígbà tí ọdún yípo, mo fọwọ́, mo ra bírò tuntun, mo jókòó de fọ́ọ̀mù. N kò rí i. Nígbà tí mo bèèrè, Títí ní òun ti dá a padà. Ìyá òun ti tẹ̀ka sí i. Mo ní kí ni ó fi tẹ̀ ẹ́, nígbà tí kò sí yíǹkì nínú ilé?

Ìyàwó mi na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. Ọ̀dà búlúù mi ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fa omi náà.