Àwo Láti Kàdúná

Òjò ṣú sórí Kàbà. Florence jókòó ti ẹ̀wà lílọ̀ tó fẹ́ fi se ọ̀ọ̀lẹ̀, mọ́ínmọ́ín ìyẹn, ní ilé ìdáná, ó ń retí àwo tánganran tí Lájídé àbúrò rẹ̀, akọ̀wé ọdún kan péré ní Kàdúná, fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé wálé. Bàbá Theresa ń bọ̀ láti Ìsánlú lọ́sàn-án náà. Yóò jẹun, yóò sì sọ bóyá òun yóò fi Theresa ọmọ òun fún Lájídé fẹ́.

"Lájídé, omi ti hó. Àwo dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀. Inú àwo la ó ti se ọ̀ọ̀lẹ̀ yìí, inú rẹ̀ náà la ó ti jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ewé ti tán nílé yìí."

"Ó tán lóòótọ́. Àná lo gé gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lulẹ̀."

"Ẹ̀fọn ló ń pọ̀ síbẹ̀."

"Àtèmi àtẹ̀fọn ọ̀hún la jọ tọ́ ọ dàgbà."

Lájídé fa àpótí àwo sọ́dọ̀. Ó tú okùn àpótí, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀, ó sì tún un dé.

"Kí ló dé tí o dé e?"

"Ọ̀nà Lọ́kọ́ja yẹn kò dáa."

"Ọ̀nà ni mo bi ọ́?"

Florence ṣí àpótí náà fúnra rẹ̀. Àwo mẹ́fà ló wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ gbéra. Báyìí, àfọ́kù tó tóbi jù níbẹ̀ kò gba ju iyọ̀ ọbẹ̀ kan lọ.

"Ṣé kí bàbá Theresa fi èyí jẹun ni, àbí kó fi fá irun?"

"Ẹ̀gbọ́n, ewé tí mo gé lánàá ńkọ́?"

"Ìwọ lo ní oúnjẹ ewúrẹ́ ni."

"Mo ní kí ènìyàn má jẹun lórí rẹ̀ mọ́ ni!"

"Mo gbọ́. Mo kó o fún ewúrẹ́. Wọn kò bèèrè àwo."

"Ẹ lọ tọrọ díẹ̀ lọ́dọ̀ Martha ilé kejì."

"Ìwọ náà lẹ́sẹ̀."

"N kò lè lọ. Mo sọ fún un lánàá pé ìdọ̀tí ni ọgbà rẹ̀."

"Kí ló wí?"

"Ọmọ-odó ló mú."

Òjò bẹ́ sílẹ̀. Lájídé jókòó lórí àpótí, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Theresa ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Okun o!" Bàbá Theresa ló ń kí wọn wọlé yẹn. Omi kò kan fìlà rẹ̀: ó ti gé odindi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé e borí.

Florence sáré pàdé rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Okun, bàbá. Ẹ jẹ́ n gba ẹrù lórí yín."

Ó gba ewé. Ojú Lájídé yọ.

"Ẹ̀gbọ́n, agbòjò bàbá ni!"

"Dákẹ́. Fẹ́ná."

Ó fọ ewé náà, ó yí i lójú iná títí ó fi rọ̀, ó ya á, ó fi pọ́n ọ̀ọ̀lẹ̀, ó kó o sínú ìkòkò. Nígbà tó jinná, ó tú u níwájú àlejò, pẹ̀lú ewé rẹ̀. Bàbá jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka ha ewé. Lẹ́yìn náà ló dìde. Ó ní oúnjẹ dùn, òun yóò ránṣẹ́ nípa Theresa. Kí wọ́n bá òun mú ewé òun wá, kí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ má baà fi òun sílẹ̀.

Florence tún kúnlẹ̀.

"Bàbá, orí ewé yín náà lẹ ti jẹun tán yẹn. Òjò kò sì tíì dá. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ọjọ́ ìyàwó."